Ẹ̀rọ Kẹjọ àti Orin tí Auduga Kò Kọ Parí Rí

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Ọ̀wàrà 2018

Akínwùmí dé láti Abuja ní ìrọ̀lẹ́ àná pẹ̀lú àpò kan àti gìtá rẹ̀. Ẹni tó bá wá kí òbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kì í gbé gìtá dání, nítorí náà n kò sùn dáadáa. Láàárọ̀ yìí mo pè é láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Mo tún pè é. Ìyá rẹ̀ ló lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Ìgbà náà ló tó jókòó, tó sọ fún wa. Etí òsì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i, kò sì lè sọ ìgbà tí yóò lọ tán.

Nímọ́tà, ìyá rẹ̀, fa àga sún mọ́ ọn. Ó wá ní, "Ó dáa. Bàbá ò gbọ́, ọmọ ò gbọ́. Èmi nìkan ni n ó máa bá olè sọ̀rọ̀ tó bá dé." Akin rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ní mílì Kakuri ló mú díẹ̀ lọ nínú etí tèmi, bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo wa tí a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ló mú tirẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ti mọ ohun tó gbé e wá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ fẹ́ tún kóra jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí etí tó kù tó lọ. Ọjọ́ kẹjọ Oṣù Ọ̀pẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan ní Barnawa. Ó fẹ́ kí a yọ̀ǹda sítọ̀ ẹ̀yìnkùlé fún ìdánrawò.

"Orin róòkì yẹn ni, Bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n."

N kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń lù ú, mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti lọ dáko lẹ́yìn tí mílì ti ilẹ̀kùn. Nímọ́tà dúró síbí ní Trikania nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tó sì máa ń sọ fún mi lórí fóònù kò ju "Akin ń pariwo ní sítọ̀" lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ara wọn ní Auduga. Ó ní, "Òwú ni, Bàbá. Ọmọ ará mílì ni gbogbo wa." Ó wá sọ ohun kan tí mo ti ń rò kiri láti ìgbà náà. Orin kan wà tí wọ́n fi ń kádìí eré wọn. Wọn ò kọ ọ́ parí níwájú èrò rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni nǹkan gé e.

"Kí ló gé e?"

"Ó gùn, Bàbá." Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ sí sítọ̀.

Ògiri sítọ̀ náà ti sán láti àsìkò òjò. Ṣé ó lè gba ìlù?

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Ọ̀wàrà

Wọ́n dé. Mo ti rò pé àwọn onírun gígùn ni n ó rí. Ilham ló kọ́kọ́ wọlé, olùkọ́ kẹ́mísìrì láti òdìkejì odò tó gé ìlú wa sí méjì, nínú hìjáàbù aláwọ̀ eérú. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa ní Hausa. Bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀ka aró nígbà tiwa. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ilham ni akọrin wọn. Patience onílù wá láti Kamazou nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá tí ìlù kún débi pé orí rẹ̀ nìkan ló hàn. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló ń rán. Ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀ka ìrànwú kí ó tó kú. Ó dì mọ́ mi kí n tó ráyè kọ̀.

Mo bi wọ́n bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnu wọn kò kò.

"Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni," Patience wí. "Ìyá mi ń ta kúnú lẹ́yìn iṣẹ́ mílì, mo ń fi igi lu ọpọ́n tó ṣófo, Akin wá ra kúnú, kò lọ mọ́."

"Wallahi irọ́ ni," Ilham wí. "Nínú bọ́ọ̀sì ni. Mo ń kọrin sójú fèrèsé, Akin ní ohùn mi dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, pé irú rẹ̀ gan-an lòun ń wá."

Akin ti ń wo ẹnu wọn. "Sítọ̀ yìí ni," ó wí, bí ẹni tó ń parí ẹjọ́. Kò gbọ́ bí wọ́n ṣe fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí ògiri. Gìtá náà ń ké bí ẹran tí ilẹ̀kùn há nírù, Ilham sì ń kọ Hausa sókè orí rẹ̀. Mo ti múra láti sá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ariwo náà pọ̀ débi pé ó di ìdákẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ti pẹ́ nínú mílì. Mo dúró títí wọ́n fi sinmi.

Ṣùgbọ́n gìtá Akin ń wọlé pẹ́ sínú orin. Mo rí i, Patience náà rí i, ó sì rí i pé mo rí i.

Àìkú, 21 Oṣù Ọ̀wàrà

Ìlú dà rú. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tọ̀sán-tòru. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Ilham wà ní òdìkejì odò.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

A ṣì wà nínú ilé. Kò sí tòmátì. Nímọ́tà ní bí mo bá tún lọ yọjú láti fèrèsé, òun yóò fi ìṣó kàn án pa. Ilham kọ̀wé ránṣẹ́ sí fóònù Akin pé àlàáfíà ni àwọn wà, òun sì ń fi orin náà rẹ ọmọ òun sùn. Irú ọmọ wo ni ìyẹn?

Nígbà tí kò sí ibi tí Akin lè sá lọ, mo ní kí ó sọ ohun tó gé orin wọn. Ó sọ ọ́.

Lọ́dún 2005, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Kakuri, NEPA mú iná lọ láàárín orin náà. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dìde. Lọ́dún 2007, ní pápá kan níbí ní Trikania, òjò tú èrò ká, wọ́n sì gbé gìtá sá sábẹ́ tábìlì obìnrin aláta. Ó ní òórùn ata kò kúrò lára okùn gìtá náà fún oṣù kan. Ẹ̀kẹta ni 2011. Wọ́n ti dé àárín rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan sá wọlé pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nígboro. Oníkálukú sá gba ìhà tirẹ̀ lórí afárá. Wọn ò dágbére fún ara wọn. Nígbà tí ìlú tòrò, òun ti ríṣẹ́ ní Abuja, Patience ti lọ sí Jos, Ilham ti ṣègbéyàwó. Kò sẹ́ni tó tú ẹgbẹ́ náà ká. Wọn kàn ṣì wà láàárín orin yẹn ni.

"Láti ìgbà náà?" mo bi í.

"Láti ìgbà náà, Bàbá."

Mo wá ń wo bí kónílé-ó-gbélé yìí yóò ṣe di ẹ̀kẹrin.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Bélú

Wọ́n ti dín in kù sí alẹ́ nìkan. Ilham rọ́nà wá nínú bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Nímọ́tà fún un ní túwó, ó jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n lu orin tó ń kádìí náà lónìí. Mo wà níta, mo ń wo ògiri. Patience bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kúrò lára ògiri kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan tiro. Ó kàn lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan tiro. Mo mọ ẹni tó ń rìn báyìí.

Mo wọlé, mo ní kí wọ́n dúró. "Níbo lẹ ti rí ìlù yìí?"

Akin ń wo ètè mi. "Ẹ̀rọ kẹjọ ni, Bàbá. Ẹ̀rọ yín. Nígbà tí Màámi bá rán mi gbé oúnjẹ wá, ẹ̀yìn ògiri ni mo máa ń dúró sí títí fèrè á fi dún. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló ń tiro. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ wà."

N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún gbọ́ ẹ̀rọ kẹjọ àfi èmi. Aláìsàn ẹ̀rọ ni. Bó bá ti ń tiro, ṣíṣọ́ là ń ṣọ́ ọ, nítorí ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú sáré nínú rẹ̀ lè fò jáde, irin sì ni wọ́n fi dé e lórí. Ó fọ́ ọmọ Zuru kan lójú rí. Ìlù tó ń dá mi níjì lójú oorun ni àwọn ọmọ yìí fi ṣe orin.

Mo sọ fún Nímọ́tà. Ó ní, "O ò wá rí i pé wọ́n fẹ́ràn rẹ."

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Bélú

Akin tún wọlé pẹ́. Ìlù ti yí padà, òun ṣì wà lórí ti tẹ́lẹ̀. Patience ń fi orí júwe fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lórí okùn gìtá. N kò lè wò ó mọ́. Mo gbé ìka méjì sókè níwájú rẹ̀, mo yí wọn po. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Akin yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilham dá orin dúró. "Baba, kí lẹ ṣe yẹn?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ní ẹ̀ka ìhunṣọ, ẹnu kò wúlò, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Èmi náà sì gbé e wálé. Akin mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ ABD. Ìka méjì tó ń yí: mú òwú mìíràn. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú bolẹ̀: rọra. Ìka méjì tó ń gé bí àlùmọ́gàjí: ìdì aṣọ ti kún, gé e. Ìkúùkù lókè: pa ẹ̀rọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ìkúùkù gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ náà sókè, kí ó lè ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ tirẹ̀ kalẹ̀ àfi tí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e bá sọ tirẹ̀.

Patience ní ìyá òun máa ń ṣe ti àlùmọ́gàjí sí àwọn bí àwọn bá ń rojọ́ jù.

Wọ́n ní kí n máa dúró níwájú Akin láti òní lọ. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ eré gan-an ńkọ́? Wọ́n ní ọjọ́ náà pàápàá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, ẹsẹ̀ mi sì ń wú.

Àìkú, 11 Oṣù Bélú

Bí mo bá ṣi ọwọ́ gbé níwájú èrò ńkọ́?

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Bélú

Alhaji Abdulganiyu wá wo ìdánrawò. Ẹ̀rọ keje ni tirẹ̀ nígbà tiwa, etí rẹ̀ sì di ju tèmi lọ.

"Dáramọ́lá, wọ́n ní o ti di ọ̀gá oníróòkì."

"Ọwọ́ lásán ni mò ń jù."

"Ohun tí o ṣe ní mílì náà kò ju ìyẹn lọ."

Ó fa àga rẹ̀ sí iwájú sípíkà, níbi tí ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé kò ní jókòó sí, ó pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti mílì pa, orin tí òun kọ́kọ́ gbọ́ láì ní kí wọ́n tún un sọ nìyí. Ó ní òun yóò kó gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wa lọ sí Barnawa. Mo ní eré ọ̀dọ́ ni. Ó ní, "Etí àwọn ọ̀dọ́ yẹn dá ṣáká, kí ni wọ́n fẹ́ fi ariwo ṣe?"

Kí ó tó lọ, ó sọ fún àwọn Ilham nípa ọ̀gá tuntun tó wọ ẹ̀ka wa nígbà kan, tó bá gbogbo wa tí a gbé ìkúùkù sókè. Ó rò pé ìyanṣẹ́lódì ni, ó sá lọ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ọwọ́ wa ṣì wà lókè, nítorí èmi tí mo kọ́kọ́ gbé e ṣì dojú bo ẹ̀rọ kẹjọ, n kò rántí sọ tèmi kalẹ̀. Patience rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín lónìí.

Ajé, 26 Oṣù Bélú

Patience gbé ṣòkòtò dúdú kan tó rán fún mi wá. Ó wọ̀ mí. Ó wá bi mí pé báwo gan-an ni ẹ̀rọ kẹjọ ṣe máa ń dún tí ọ̀kọ̀ bá ku díẹ̀ kí ó fò. Mo fi ìka lù ú sórí tábìlì: títiro náà yóò máa kúrú, yóò máa kúrú, ọ̀kan yóò wá sọnù pátá bí ẹni gbé èémí mì. Ibi tí ọ̀kan ti sọnù yẹn ni èèyàn gbọ́dọ̀ ti gbé ọwọ́. Ó ní kí n tún un lù. Ó ń lù ú sí itan rẹ̀ títí ó fi wọ kẹ̀kẹ́.

Ó wù mí láti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. N kò bi í.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Ọ̀pẹ̀

Ọjọ́ burúkú. Láti àárín ọ̀sẹ̀ ni Akin kò ti gbọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ láti pálọ̀. Lónìí gìtá rẹ̀ kò bá ohùn Ilham mu, kò sì mọ̀. Nígbà tó rí ojú wa, ó gbé gìtá kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ó wí. "Ẹ ti gbìyànjú."

Patience ju igi ìlù sórí itan rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí Akin lè rí ẹnu rẹ̀. "Iná gé e. Òjò gé e. Wàhálà gé e. Kò sí èyí tí a fi ọwọ́ ara wa gé níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ gé èyí fúnra rẹ, dìde kí o sọ ọ́ lóòró, kí n lè mọ ẹni tí n ó máa bínú sí títí n ó fi kú."

Akin kò dìde. Ilham ti ń wo àpótí sípíkà. Ó mú ọwọ́ Akin, ó gbé e lé e lórí, ó ní kí Patience lu ìlù ńlá.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ó gbé ọwọ́ kejì lé e. "Nínú egungun."

Ilham ní kí ó bọ́ bàtà. Pákó ni wọ́n fi ṣe pèpéle Barnawa. Yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ìlù, yóò fi ojú gbọ́ Bàbá, òun yóò sì máa bá a yí okùn gìtá kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Kò dára tó. Ṣùgbọ́n kò burú tó ti tẹ́lẹ̀.

Mo bi í bóyá ìṣó kò sí lórí pèpéle náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Ọ̀pẹ̀

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi là. Mo lọ sí Barnawa, mo fi ọwọ́ ara mi wá ìṣó lórí pèpéle náà. Mo rí méjì, mo yọ wọ́n.

Àìkú, 9 Oṣù Ọ̀pẹ̀

Mo fẹ́ kọ ti àná bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó jù.

Ọ̀sán ni eré náà, kí oníkálukú lè délé kí alẹ́ tó lẹ́. Èrò kò kún gbọ̀ngàn. Àwọn ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn, àwọn ará mílì jókòó níwájú pẹ̀lú Abdulganiyu, nínú aṣọ Jímọ̀ àti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nímọ́tà wà láàárín wọn. Èmi dúró nísàlẹ̀ pèpéle, mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo dojú kọ Akin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán wà lórí pákó. Òógùn ti mu ṣòkòtò tuntun mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ dáadáa. N kò lè sọ ju ìyẹn lọ. Mo ń yí ìka, mo ń dojú àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀, Akin ń bá mi lọ. Iná kò lọ. A dé orí orin tó ń kádìí. Wọ́n kọjá ibi tí iná ti gé e, wọ́n kọjá ibi tí òjò ti gé e, mo rí i tí Ilham wo Patience nígbà tí wọ́n kọjá ibi kẹta.

Ìgbà náà ni títiro náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìdánrawò rí, àfi èyí tí mo lù fún Patience lórí tábìlì. Ó ń kúrú, ó ń kúrú, ọ̀kan sọnù.

Ìkúùkù mi ti wà lókè kí n tó mọ̀.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Patience dá igi dúró lófuurufú, Akin tẹ́ ọwọ́ pa okùn gìtá, ẹnu Ilham ṣí sílẹ̀. Èmi. Kì í ṣe iná, kì í ṣe òjò. N kò lè yíjú sẹ́yìn. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi lórí pákó, mo sì ń retí kí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Wọn ò hó. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé èmi kọ́ ni Akin ń wò. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo bá yíjú.

Abdulganiyu ti dìde, ìkúùkù rẹ̀ wà lókè. Àwọn obìnrin ẹ̀ka ìrànwú ti dìde. Gbogbo ará mílì ti dìde, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, oníkálukú gbé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n rí àwọn àgbà, àwọn náà gbé tiwọn. Wọ́n ń dúró dè mí. Wọn ò lè sọ tiwọn kalẹ̀ àfi tí mo bá sọ tèmi.

Mo ṣe bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe. Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ. Mo wo Patience. Ó mi orí sí mi pé ó ti ṣetán. Mo wo Ilham. Mo wo Akin pẹ́. Mo wá sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ọwọ́ gbogbo gbọ̀ngàn náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Akin rí i, ó sì wọlé. Kò pẹ́, kò yá. Òun gan-an ló kọ́kọ́ wọlé, ìlù ló bá a níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, n kò júwe nǹkan kan fún un mọ́, títí ó fi ku díẹ̀. Ìlù ti dáwọ́ dúró, ohùn Ilham ti tán, gìtá nìkan ló ń gbọ̀n, ó sì ń wò mí, nítorí kò mọ bóyá orin ṣì kù. Mo gbé ìka méjì, mo gé e.

Ìdì aṣọ ti kún. Ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán.

Nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń bọ̀, mo sọ fún Nímọ́tà pé èmi ni mo gé e lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ní, "Gbogbo àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ló rò pé inú orin ló wà. Dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Ọ̀pẹ̀

Ọyẹ́ pọ̀. Akin padà sí Abuja láàárọ̀. Ó fi gìtá sílẹ̀ ní sítọ̀. Ó ní Patience yóò máa wá mú un, nítorí ọmọ Ilham fẹ́ kọ́ ọ. Ògiri náà kò wó.

A sìn ín dé gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò gbéra, ó yọ apá láti fèrèsé, ó gbé ìkúùkù sókè. Mo gbé tèmi. Eruku bo mọ́tò náà, ó yí kọ́nà, a ò rí i mọ́.

"Bàbá Akin," Nímọ́tà wí, "sọ ọwọ́ kalẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo ní Akin ló kọ́kọ́ gbé e, n kò sì tíì rí i kí ó sọ tirẹ̀ kalẹ̀.